Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Ọwọ́ Pẹ̀lú Ẹnu

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, olùkọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn ní èdè Faransé. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe ní àná. Faransé ni kí wọ́n fi sọ ọ́.

Ó kan ọmọbìnrin kan tó jókòó sí iwájú. Ìyá rẹ̀ máa ń ṣe gàrí tà. Ní àná, wọ́n ti fi asẹ́ sẹ́ gàrí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà mọ bí a ṣe ń pe ìyá ní Faransé. Gàrí kò sì ṣòro pè, nítorí gàrí náà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe asẹ́.

Ó dìde. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa títí ó fi dé ibi asẹ́. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di ohun ribiti kan mú. Ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, ó tún mì í sọ́tùn-ún.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ wò ó, ó ń jó!”

Ojú ti ọmọbìnrin náà. Ó jókòó, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí ó sọ Faransé, orí ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń jókòó lé. Nígbà tó yá, kò sọ Faransé mọ́ rárá. Bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀, yóò kàn máa wo ilẹ̀.

Olùkọ́ rí i. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa obìnrin kan tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀.”

Ohun tí olùkọ́ sọ fún wọn nìyí.

Marianne Gullberg ni orúkọ obìnrin náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Yunifásítì Lund, ní ilẹ̀ Swídìn. Ilẹ̀ Swídìn wà ní apá àríwá Yúróòpù. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi odò fi ń di yìnyín. Yunifásítì náà sì ti pẹ́ gan-an: ọdún 1666 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Oníwádìí èdè ni Marianne Gullberg. Àwọn oníwádìí kan ń wo ìràwọ̀. Àwọn mìíràn ń wo ewé àti egbò igi. Òun ń wo àwọn ènìyàn tó ń kọ́ èdè kejì. Ó ń gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ń sọ, ó sì ń wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Kí ni èdè kejì? Èdè àkọ́kọ́ rẹ ni èyí tí o gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ. Èdè kejì ni èyí tí o wá kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, Yorùbá ni àkọ́kọ́, Faransé ni èkejì. Àwọn ọmọ kan tún wà tó ń gbọ́ Ègùn nílé, tí wọ́n ń gbọ́ Yorùbá lọ́jà, kí wọ́n tó wá bá Faransé pàdé ní ilé-ìwé. Tiwọn ti di mẹ́ta!

Bí Marianne Gullberg ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ó wá àwọn ará Swídìn tó ń kọ́ èdè Faransé. Ó sì wá àwọn ará ilẹ̀ Faransé tó ń kọ́ èdè Swídìn. Ó fún wọn ní ìtàn inú àwòrán, ó ní kí olúkúlùkù sọ ìtàn náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n sọ ọ́ ní èdè abínibí wọn. Wọ́n tún sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Kámẹ́rà ń ya gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tòótọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yóò wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Yóò dá a dúró, yóò dá a padà, yóò tún un wò. Nígbà wo ni ọwọ́ gbéra? Ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu ní àkókò náà? Nígbà wo ni ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é.

Ní ọdún 1998, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tó rí. Kí ló rí?

Ó rí i pé ọwọ́ lè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, ó fi ọwọ́ ya bí nǹkan náà ṣe rí. Ẹni tó ń gbọ́ á wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ẹni tó ń kọ́ èdè á gbà á, á tún un pè, á sì máa bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ṣé o rántí ọmọ tó ń mi asẹ́ tí a kò rí? Ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ló ń béèrè. Ẹ̀rín ni wọ́n fún un.

Ó tún rí i pé ọwọ́ lè sọ pé, “Ẹ dúró ná, mo ń bọ̀.” Ọ̀rọ̀ kò tíì wá sẹ́nu, ọrùn-ọwọ́ ń yí, ó ń yí bí ẹni ń fi okùn fa omi láti inú kànga. Ẹni tó ń gbọ́ á mọ̀ pé ẹni yìí kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní já a lẹ́nu gbà.

Ohun kẹta ni ó dùn mọ́ mi jù. Ó rí i pé àwọn tó ń kọ́ èdè máa ń fi ọwọ́ wá àyè fún ẹni kọ̀ọ̀kan inú ìtàn. Jẹ́ kí á sọ pé ìtàn náà ní ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ẹni tó ń sọ ìtàn lè fi ọwọ́ gbé ọkùnrin sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí ó gbé obìnrin sí apá òsì. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin, ọwọ́ á lọ sí apá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọwọ́ á lọ sí apá òsì. Ìtàn kò ní dàrú mọ́ ẹni tó ń gbọ́ lójú.

Àwa náà mọ ìdí tí èyí fi wúlò. Ní Yorùbá, “ó” ni a ń pe ọkùnrin, “ó” náà ni a ń pe obìnrin. Ní Faransé, “il” ni ọkùnrin, “elle” ni obìnrin. Ọmọ mélòó ni kò tíì pe ìyá rẹ̀ ní “il” rí? Ẹnu ṣì wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè ti mọ ẹni tí à ń wí.

Nígbà tí olùkọ́ sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ọmọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Olùkọ́, ṣé ẹni tí kò gbọ́ èdè dáadáa nìkan ni ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀?”

Ìbéèrè tó dára ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ọwọ́ dà bí ọ̀pá tí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ń tẹ̀ rìn: bí ẹsẹ̀ bá sàn, yóò ju ọ̀pá náà nù.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Marianne Gullberg àti oníwádìí mìíràn, Maria Graziano, wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní 2018 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n wo àwọn àgbàlagbà tó ń sọ èdè abínibí wọn. Wọ́n wo àwọn ọmọdé ilẹ̀ Ítálì tí èdè ìyá wọn kò tíì dán lẹ́nu wọn. Wọ́n wo àwọn ará Nẹ́dálándì tó ń kọ́ Faransé. Lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn geere ni ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹnu bá dúró, ọwọ́ náà máa ń dúró.

Ó dà bí ìgbà tí ìyá méjì bá ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó ọ̀kan ṣe ń ròkè, ni ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ọ̀kan bá dúró, èkejì á dúró. Ìgbà mìíràn wà tí èkejì á sọ ọmọ odó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti fi pe ẹnìkejì rẹ̀ padà sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni iyán.

Wo bàbá tó ń fi fóònù júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ń na ọwọ́ sí ọ̀tún, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà oko. Ta ló ń rí i? Ẹni tó wà lórí fóònù kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ bàbá kò ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Àwọn oníwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow, ṣe ohun tó tún yà mí lẹ́nu ju ti fóònù lọ. Wọ́n wá àwọn ọmọ 12 tí kò ríran láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí. Wọn kò rí tiwọn pàápàá. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, bí ti àwọn ọmọ tó ríran. Àní nígbà tí àwọn ọmọ mìíràn tí kò ríran mọ̀ pé ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀ náà kò ríran, ọwọ́ wọn kò dákẹ́. Ọdún 1998 ni èyí náà di mímọ̀.

Ǹjẹ́ o mọ ibi tí ojú ẹni tó ń gbọ́ máa ń wà? O lè rò pé ọwọ́ ni ojú ń wò. Marianne Gullberg àti Kenneth Holmqvist wádìí èyí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí orí àwọn tó ń gbọ́ ìtàn. Ẹ̀rọ náà ń fi ibi tí ojú wọn wà hàn. Ojú wọn kò kúrò ní ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ náà lè wò ó. Dán an wò lónìí. Bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, kí o ṣàdédé wo ọwọ́ rẹ. Ṣọ́ ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Marianne Gullberg fi ọdún púpọ̀ wò, ní Nẹ́dálándì tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ fífi nǹkan sí ibi kan ni. Ní Faransé, “mettre” tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Nẹ́dálándì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgò bá dúró lórí tábìlì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí igi bá dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Wàyí o, wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí ará ilẹ̀ Faransé bá ń sọ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ á kàn fi ibi tí nǹkan ń lọ hàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ará Nẹ́dálándì á ká bí ẹni tó ṣì di nǹkan náà mú. Èdè wọn ń mú kí wọ́n ronú nípa bí nǹkan náà ṣe rí, ọwọ́ wọn sì ń fi í hàn. Gullberg tún wo àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ èdè Nẹ́dálándì. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ẹnu ti ń sọ èdè tuntun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì wà nínú èdè ilé.

Èdè tiwa ńkọ́? À ń wọ ẹ̀wù. À ń dé fìlà. Ìyá ń ró ìró, wọ́n sì ń wé gèlè. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun “wọ fìlà” tí a kò ní rín in. Àmọ́ ní Faransé, “mettre” lè gba ti ẹ̀wù, ti fìlà, ti ìró àti ti gèlè. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ ní Faransé pé ìyá rẹ wé gèlè. Ṣé ọwọ́ rẹ kò ní máa yí orí ká? Bí ó bá yí orí ká, a jẹ́ pé ẹnu ń sọ Faransé, ọwọ́ ń sọ Yorùbá.

Olùkọ́ tún ní ìtàn kan nípa bí ọwọ́ ṣe ń ran ọpọlọ lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Spencer Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Jàpáànù, èdè tí wọn kò gbọ́ rí. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni “nomu”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a mu nǹkan. (Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ kò lè gbàgbé èyí: “mu” wà nínú rẹ̀!) Nígbà mìíràn, ẹnu nìkan ni olùkọ́ fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà mìíràn, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni gbé ife sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá ẹnu sọ ni àwọn ènìyàn náà rántí jù. Bí ọwọ́ bá wá ń ṣe ohun tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, bí i kí ẹnu wí pé “mu” kí ọwọ́ máa fọ aṣọ, ọ̀rọ̀ náà kì í dúró dáadáa. Ọdún 2009 ni wọ́n gbé èyí jáde.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni kí a fi júwe? Olùkọ́ kò gbàgbé ìyẹn. Àwọn àgbà ní, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní òfin yìí. Àwọn Ewe ní Gánà àti ní Tógò, aládùúgbò wa, ní in pẹ̀lú. Ní 2001, Sotaro Kita àti James Essegbey kọ ohun tí wọ́n rí ní ìlú Keta ní Gánà. Wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wọn fi ọwọ́ òsì sí ẹ̀yìn láti bọ̀wọ̀ fún àlejò. Bí ọ̀nà bá yà sí òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n nà kọjá níwájú àyà, ì báà nira. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì àwọn kan kò gbọ́. Ó ń yọ́ júwe díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá yíjú sí ọmọbìnrin tó wà níwájú. Wọ́n ní, “Ìwọ, jọ̀ọ́, parí ọ̀rọ̀ rẹ ọjọ́sí fún wa. Kí ni ìyá rẹ ṣe?”

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọmọ náà jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ kan kúrò lábẹ́ itan, ó yọ èkejì. Ó dìde. Ó sọ̀rọ̀ dé ibi asẹ́, ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì.

Olùkọ́ ní, “Tamis.”

Ọmọ náà ní, “Tamis.” Ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì sọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń mi asẹ́ tí a kò rí: “Tamis! Tamis!”

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ bi ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn bí a ṣe ń pe asẹ́ ní Faransé. Ọ̀rọ̀ náà sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì, kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ìbéèrè

Kí ni ọmọbìnrin náà ń fi ọwọ́ ṣe nígbà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín?

Kí nìdí tí kò fi sọ Faransé mọ́?

Báwo ni ọwọ́ ṣe lè sọ pé, “Ẹ dúró ná, mo ń bọ̀”?

Kí ni àwọn ọmọ 12 tí kò ríran fi hàn wá nípa ọwọ́?

Eré

Ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan ronú nípa ohun kan nínú ilé ìdáná tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Faransé: ọlọ, ọmọ odó, ajere tàbí ìkòkò. Kí ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń fi í ṣe ní Faransé, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ parí rẹ̀. Kí ẹnìkejì sọ orúkọ nǹkan náà. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá mọ̀ ọ́n ní Faransé, ẹ lọ fi ọwọ́ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́.